AYẸYẸ DURBAR ÌLỌRIN: Ẹṣin gbayì, ṣùgbọ́n òfì, ìkòkò àti lántànà ńkọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí òwe yìí bá ń ṣẹ níbì kan, ó ń ṣẹ lójúde àfin Ẹ́míà Ìlọrin ní àsìkò ọdún Iléyá, nígbà tí ayẹyẹ Durbar bá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí bá ti kírun ní Yídì, tí wọ́n ti pa àgbò, tí wọ́n sì ti pín ẹran fún aládùúgbò, gbogbo ọ̀nà tó wọ Ọjà Ọba yóò kún fọ́fọ́. Ìlù yóò máa dún, kàkàkí yóò máa ké, àwọn ẹṣin tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìrù yóò sì máa jó bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ti Balógun kan lẹ́yìn ti èkejì. Àwọn ọmọdé yóò gun èjìká bàbá wọn kí wọ́n lè ríran. Àwọn ìyá àgbà yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, wọ́n á máa fi oríkì ki ẹni tó bá kọjá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ojú bá ti rí ẹṣin tó lẹ́wà, kì í sábà wo ohun tó wà lára ẹṣin náà. Gàárì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ló fi awọ rán an. Agbádá òfì tó wà lọ́rùn ẹni tó gùn ún, ẹnì kan ló jókòó sídìí òfì fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó hun ún. Ìkòkò tí wọ́n fi tọ́jú omi tí àlejò mu nínú agbo ilé, obìnrin kan ló fi ọwọ́ mọ ọ́n. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: àwọn ọwọ́ wọ̀nyí, ṣé Durbar ń bọ́ wọn? Nítorí pé bí wọ́n bá pa iṣẹ́ tì, ẹṣin nìkan ni yóò kù, ẹṣin tó wà ní ìhòòhò kò sì lè ṣe ọdún.

IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Orúkọ náà, Durbar, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Hausa, kì í sì í ṣe Fúlàní. Inú èdè Páṣíà ló ti wá, ó sì túmọ̀ sí àfin ọba tàbí ìpéjọ níwájú ọba. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá a ní ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá sí Òkè Ọya, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọba àti ẹlẹ́ṣin jọ láti fi yẹ́ àlejò ńlá sí. Ní ọdún 1925, wọ́n ṣe é ní Kano fún ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣàbẹ̀wò. Ní ọdún 1956, wọ́n ṣe é ní Kaduna fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ní oṣù kejì ọdún 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC, Kaduna náà ni wọ́n tún ti ṣe èyí tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ púpọ̀ wá wò.

Ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ yìí dúró fún ti wà kí òyìnbó tó dé. Àwọn Hausa ń pe tiwọn ní Hawan Sallah, ìyẹn ni gígun ẹṣin ọdún. Ọba á jáde lọ kírun ní Yídì, àwọn ìjòyè àti jagunjagun á tẹ̀lé e lórí ẹṣin. Bí wọ́n bá ti darí dé, olúkúlùkù á sáré ẹṣin dé iwájú ọba, á na idà tàbí ọ̀kọ̀ sókè láti fi hàn pé òun ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkíni ni, ìbúra sì ni pẹ̀lú.

ÌLỌRIN ÀTI ẸṢIN

Ní ti Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ẹṣin kì í ṣe àwòkọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì ìlú náà rí mọ̀ pé ẹṣin ni oríkì náà fi rọ́pò egúngún, ọ̀kọ̀ ló sì fi rọ́pò orò. Ìtàn ló bí oríkì náà. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ló fi Ìlọrin ṣe ibùdó nígbà tó dìtẹ̀ sí Aláàfin. Ó gba Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní, mọ́ra. Àwọn Fúlàní, àwọn Hausa àti àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí wá ń pọ̀ sí i nínú ìlú, ìjà sì dé láàárín wọn àti Àfọ̀njá. Ní nǹkan bí ọdún 1823 sí 1824, wọ́n pa Àfọ̀njá. Abdulsalami, ọmọ Ṣéù Àlímì, ló di Ẹ́míà àkọ́kọ́.

Balógun mẹ́rin ló wá ń kó ogun ìlú náà jáde: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Alánámú. Ẹṣin ni agbára wọn. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹ̀rù wọn ń ba gbogbo ìlú tó yí wọn ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ igbó, ẹṣin kì í ráàyè sáré, eṣinṣin tó ń gbé àìsàn kiri a sì máa pa á. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lé wọn padà ní Òṣogbo. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company wọ Ìlọrin pẹ̀lú ìbọn ńlá, ìgbà ogun ẹlẹ́ṣin sì parí.

Ẹṣin tó kù di ẹṣin ọdún. Lábẹ́ Ẹ́míà kọkànlá, Alàájì Ibrahim Sulu-Gambari, adájọ́ ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tẹ́lẹ̀ tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1995, ayẹyẹ náà gbòòrò sí i, ó sì di àsìkò tí ọmọ Ìlọrin tó wà lẹ́yìn odi ń fi wá sílé wá kí ẹbí.

ÒFÌ: IṢẸ́ TÓ Ń WỌ ẸLẸ́ṢIN LÁṢỌ

Àwọn baba ńlá tilẹ̀ sọ fún wa pé orúkọ ìlú náà gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ló ti wá. Ìlọ-irin ni, òkúta tí àwọn èèyàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ti ń lọ irin wọn ní àdúgbò Ìdí-Àpẹ. Ìlú tó gba orúkọ lára iṣẹ́ ọwọ́, kò yẹ kí iṣẹ́ ọwọ́ parẹ́ níbẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin, aṣọ òfì ló gbayì jù. Bí a bá ń ka ìlú tí wọ́n ti ń hun ún, a kì í fi Ìlọrin àti Ìṣẹ́yìn sílẹ̀. Ahunṣọ á ta òwú gígùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á fi ẹrù wúwo di ìdí òwú náà mú kó lè le dáadáa. Ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, ọwọ́ á máa ju ọkọ̀ òfì láti ọ̀tún sí òsì. Aṣọ tó ń jáde kò fẹ̀ ju nǹkan bí ínṣì mẹ́rin lọ. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni aránṣọ yóò so pọ̀ kó tó di agbádá, ìró tàbí gèlè.

Ẹ̀yin àgbà tó ń kà wá yóò rántí sányán, tí òwú rẹ̀ ń wá láti ara kòkòrò inú igbó. Ẹ ó rántí àlàárì pupa, tí òwú rẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ wá láti Tírípólì láyé àtijọ́. Ẹ ó rántí ẹtù, tí wọ́n ń rẹ sínú aró títí yóò fi dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní nǹkan bí ọdún 1970 síwájú, òwú dídán gba òde, àwọn èèyàn sì ń pe aṣọ rẹ̀ ní ṣaínṣaín. Òfì kò kú nígbà náà. Àwọn ahunṣọ yí ọwọ́ padà, wọ́n hun ohun tí ọjà ń fẹ́.

Ìṣòro tó bá wọn nísinsìnyí yàtọ̀. Owó òwú ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe òwú àti aṣọ nílẹ̀ yìí ti kógbá wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, nígbà tí ilé-iṣẹ́ UNTL ní Kaduna ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló pàdánù iṣẹ́. Òwú òkè òkun ni ahunṣọ wá gbójú lé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú dídi iye náírà mú. Dọ́là kan tó ń lọ ní nǹkan bí 460 náírà kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ kọjá 1,400 náírà ní ọdún 2024. Ahunṣọ tó wà lábúlé kò fojú rí dọ́là rí, ṣùgbọ́n dọ́là ti wọ inú òwú rẹ̀. Bí ó bá fowó lé aṣọ, oníbàárà á ní ó ti wọ́n jù. Bí kò bá fowó lé e, gbèsè ni yóò fi sùn.

ẸBU DADA ÀTI ÀWỌN ÌYÁ AMỌ̀KÒKÒ

Bí ẹ bá dé Òkèlele, ẹ ó rí Ẹbu Dada, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti gbilẹ̀ jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Obìnrin ló ni iṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọbìnrin sì ti ń kọ́ ọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń yí amọ̀. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á gún un títí yóò fi rọ̀, wọ́n á wá tẹ́ ẹ lé ẹ̀yìn ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á sì máa lù ú títí yóò fi gba ìrísí ìkòkò náà. Nígbà tó bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi amọ̀ mọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á fín in lọ́nà.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti pa á dáadáa, wọ́n á kó ìkòkò jọ sí gbangba, wọ́n á fi igi àti koríko bò ó, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣì ń gbóná, wọ́n á wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi igbá ṣe sí i lára. Omi yìí ló ń fún un ní àwọ̀ dídán, òun ló sì ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ará oko mọ ìwúlò ìkòkò ju ará ìgboro lọ. Omi inú àmù máa ń tutù láìsí iná mànàmáná, nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ ń là á gba ara ìkòkò jáde, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbé e lọ, á mú ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àgbo inú ìkòkò, ọbẹ̀ inú ìṣaàsùn, ta ni kò mọ adùn wọn? Síbẹ̀, ike àti kẹ́ẹ̀gì ti gba ipò àmù ní ilé púpọ̀, ìkòkò onírin sì ti gba ipò ìṣaàsùn. Iṣẹ́ wà fún àwọn ìyá wọ̀nyí, ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ làálàá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó jáde ilé-ìwé á wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, á wo èrè rẹ̀, á sì yíjú síbòmíràn.

Ojú ọjọ́ náà tún dá sí i. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá lọ́dọọdún. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ló bọ́ sí ní ọdún 2024, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ní ọdún 2025. Ìgbà òjò gan-an nìyẹn, tí ìkòkò kì í tètè gbẹ, tí igi ìdáná ń tutù, tí àgbẹ̀ kò sì lówó lọ́wọ́. Bí ọdún 2033 bá fi máa dé, Iléyá yóò ti bọ́ sí oṣù kẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àsìkò yẹn yóò sàn fún amọ̀kòkò, bí amọ̀kòkò bá ṣì wà.

LÁNTÀNÀ: ÀRÍKỌ́GBỌ́N

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọwọ́ kò lè kú, kó béèrè lántànà. Òkúta pupa ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe é ní Ọ̀yọ́-Ilé, nígbà tí ogun sì tú ìlú náà ká ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, àwọn kan gbé iṣẹ́ náà wá sí Ìlọrin. Wọ́n á la òkúta sí wẹ́wẹ́, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí i láti òpin méjèèjì títí yóò fi pàdé láàárín, wọ́n á sì fi omi lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi máa dán. Bí òkúta bá fọ́ nígbà tí wọ́n ń lu ihò, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti ṣòfò. Àwọn ọba àti ìjòyè ló ń wọ̀ ọ́, ó sì ń rin ìrìn àjò dé ìlú jíjìnnà.

Kí ló pa á? Ìlẹ̀kẹ̀ òkè òkun dé, ó fara jọ ọ́, ó sì pọ́ọ́kú lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni owó gbẹ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní nǹkan bí ọdún 1930. Àwọn ọmọ oníṣẹ́ lántànà wá iṣẹ́ mìíràn. Òpìtàn obìnrin kan, Ann O'Hear, tó ti ṣe olùkọ́ ní Ìlọrin, kọ ìtàn iṣẹ́ náà sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1986. Ìwé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ lónìí pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà rí ní Ìlọrin. Kò sí òfin tó pa lántànà, kò sí ogun tó pa á. Àìsí oníbàárà ló pa á.

OHUN TÍ KANO ÀTI ÌJẸ̀BÚ-ÒDE FI KỌ́ WA

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO, níbi ìpàdé rẹ̀ ní ìlú Asunción ní orílẹ̀-èdè Paraguay, fi Durbar ti ìlú Kano kún àkójọ àṣà tó yẹ kí gbogbo àgbáyé dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé irú àkójọ yìí kì í ṣe ti ẹṣin nìkan. Ó kan ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn: ẹni tó mọ bí a ṣe ń rán gàárì, ẹni tó mọ ìlù ọba lù, ẹni tó mọ láwàní wé. Bí ìmọ̀ yìí bá lọ, orúkọ inú ìwé kò lè dá a padà.

Ẹ tún wo Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe Ojúde Ọba, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé á sì jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ló rí ayẹyẹ náà dàgbà lójú rẹ̀. Ní ọdún 2024, àwòrán rẹ̀ tàn ká ayélujára, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú rí sì ń béèrè irú aṣọ tí wọ́n wọ̀. Àṣírí ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ yan aṣọ tuntun ti gbọ́dọ̀ bá ahunṣọ sọ̀rọ̀ kí ọdún tó dé. Owó ọdún ti wọ ilé ahunṣọ kí ìlù tó dún. Ọjọ́ kan ni ayẹyẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ ilé fún oṣù púpọ̀.

ÀRÍYÀNJIYÀN ỌDÚN 2023

A kò lè sọ̀rọ̀ àjọ̀dún àṣà ní Ìlọrin ká fo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 dá. Ní àárín ọdún náà, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan kìlọ̀ fún obìnrin onísẹ̀ṣe kan pé kó má ṣe ṣe ọdún Ìṣẹ̀ṣe tó fẹ́ ṣe nínú ìlú. Ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Ẹ́míà lórí rẹ̀. Àwọn kan ní Ìlọrin jẹ́ ìlú Islam láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ìjọba Ẹ́míà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni da omi àlàáfíà rẹ̀ rú. Àwọn mìíràn ní abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú níbikíbi. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ìpínlẹ̀ bíi Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe.

Ìjà ẹ̀sìn kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní rí. Ìpínlẹ̀ Kwara, láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, kún fún oríṣiríṣi àjọ̀dún. Ṣàó tí kò jìnnà sí Ìlọrin ní ọdún Àwọ́n, níbi tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ti ń gbéyàwó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀fà ní ìjàkadì rẹ̀. Àwọn Núpé ní Pátígi ní eré ọkọ̀ ojú omi wọn. Nínú Ìlọrin fúnra rẹ̀, Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Núpé, Kànúrí àti Bàrìbá ti gbé pọ̀ tó ọgọ́rùn-ún méjì ọdún. Dàdàkúàdà tí olóògbé Odòlayé Àrẹ̀mú kọ gbajúmọ̀ láàárín gbogbo wọn. Ìkòkò Ẹbu Dada kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi í tọ́jú omi. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá le, ó ṣe é ṣe kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rọ̀, kí ó sì jẹ́ ibi tí gbogbo ilé ti lè jókòó pọ̀.

KÍ NI ṢÍṢE?

Àkọ́kọ́, ó yẹ kí Durbar ní ọjà tirẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ya ibì kan sọ́tọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà, fún ahunṣọ, amọ̀kòkò àti oníṣẹ́ awọ, láìgba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí ahunṣọ gbé òfì rẹ̀ wá síbẹ̀, kó máa hun ún lójú àlejò. Ẹni tó bá rí làálàá rẹ̀ kò ní na owó rẹ̀ jù.

Èkejì, bí ilé Balógun kọ̀ọ̀kan bá lè yan òfì kan lọ́dọọdún tí ẹlẹ́ṣin wọn yóò wọ̀, kí wọ́n sì fún ahunṣọ Ìlọrin ní iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, ìlú kò ní nílò ìrànwọ́ òyìnbó kankan láti gba òfì là.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé-ìwé mú ọmọ lọ sí Ẹbu Dada àti ìdí òfì. Kì í ṣe kí wọ́n kàn ya fọ́tò. Kí ọmọ fọwọ́ kan amọ̀, kó gbá ọkọ̀ òfì mú, kó sì mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe òtòṣì tí kò ríṣẹ́ ṣe, onímọ̀ ni.

Ìkẹrin wà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí. Ẹ ṣí àpótí yín, ẹ gbé ẹtù àti sányán tó ti pẹ́ níbẹ̀ jáde, ẹ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún, kí ẹ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra omíràn, ẹ ra èyí tí ọwọ́ hun. Ọmọ tí kò bá rí òfì lára bàbá rẹ̀ rí, kò lè mọ̀ pé ohun tó yẹ kí òun kọ́ ni.